Òkè Kan, Ilẹ̀ Mẹ́ta: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí A Tó Pín Ajílẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí ara ọmọ kò bá yá, ìyá rere kì í kọ́kọ́ da àgbo sí i lẹ́nu. Yóò fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ó gbóná, yóò wo ẹyinjú rẹ̀, yóò bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún, lẹ́yìn náà ni yóò tó mọ ewé tí yóò já. Ohun tí gbogbo ìyá mọ̀ yìí ni àwa kò tíì fi kọ́ra nípa ilẹ̀ tí ń bọ́ wa. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ariwo ajílẹ̀ a gba ìlú. Ọkọ̀ a kó àpò dé, a kọ orúkọ, a pín àpò, a ya àwòrán, olúkúlùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi ilẹ̀ léèrè ohun tí ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ọgbà igi eléso tí ó wà lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe obì, ìbáà ṣe ọsàn tàbí kajú, kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a kò bá yẹ orí òkè, agbedeméjì àti ẹsẹ̀ òkè wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó ajílẹ̀ wa yóò máa bá ọ̀gbàrá lọ sí odò, àwọn oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ yóò sì máa kú lójú wa. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara òkè kò dọ́gba.

Ní ìgbà òjò kan, mo wọ oko bàbá àgbàlagbà kan ní apá Ìdànrè. Oko kòkó náà ti orí òkè kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé etí odò. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ na òkè, ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń da ajílẹ̀ tí wọ́n pín fún wa sí oko yìí. Àwọn igi ìsàlẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n èso wọn ń dúdú kí ó tó pọ́n. Àwọn ti òkè ń gbẹ láti orí. Àwọn ti àárín nìkan ni ó ń fún mi ní nǹkan. Àpò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni mo fi dà á. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

A gbé àdá àti ọkọ́, a sì gbẹ́ ihò mẹ́ta. Èkíní, ní orí òkè, kò tíì jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí irin fi bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé. Gbòǹgbò àwọn igi ibẹ̀ ti yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó, ilẹ̀dú tí ó yẹ kí ó bò wọ́n sì ti lọ. Èkejì, ní agbedeméjì, ilẹ̀ náà jìn, ó pọ́n díẹ̀, ó rọ̀, ekòló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ní ìsàlẹ̀, òkè ilẹ̀ dúdú lọ́ràá lọ́ràá, ṣùgbọ́n bí a ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó rí bí eérú, ó ní àmì pupa kéékèèké bí ìpẹtà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun wá sínú ihò.

Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Àìsàn mẹ́ta, oògùn kan." Èmi kò mọ bí ènìyàn ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó fà á tí òkè kan fi ń ní ilẹ̀ mẹ́ta? Omi ni olórí ohun tí ó fà á. Òjò tí ó rọ̀ sí orí òkè kì í dúró síbẹ̀. Èyí tí kò bá ráyè wọlẹ̀ yóò sáré sọ̀ kalẹ̀, yóò sì kó ohun tí ó fúyẹ́ jù lọ́wọ́, ìyẹn ilẹ̀dú tí ewé jíjẹrà ti dà pọ̀ mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wúwo ni yóò fi sílẹ̀ lókè. Èyí tí ó ráyè wọlẹ̀ yóò máa rìn nínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa fọ oúnjẹ igi kúrò lókè, yóò sì padà sun jáde ní ẹsẹ̀ òkè. Nítorí náà, òkè ń di aláìní, ìsàlẹ̀ ń di ẹni tí ó yó jù tí kò lè mí.

Àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú ní ìtumọ̀. Irin tí ó wà nínú erùpẹ̀ ni ó ń kùn ún. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè wọlé, irin náà a dípẹtà, ilẹ̀ a sì pupa. Níbi tí omi bá dúró sí tí afẹ́fẹ́ kò rí àyè, pupa náà a ṣí, ilẹ̀ a sì rí bí eérú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ aláwọ̀ eérú tí àmì ìpẹtà wà lára rẹ̀ nínú ihò tí ó gbẹ́ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó mọ̀ pé omi ń gba ibẹ̀ ní àkókò òjò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibẹ̀ gbẹ táútáú lójú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1935, onímọ̀ ilẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Geoffrey Milne, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ilẹ̀ tí ó wà láti orí òkè dé àfonífojì so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n, ó sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ẹ̀wọ̀n pè wọ́n. Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Ìbàdàn, tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti ohun tí a lè fi wọ́n ṣe. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pe àwọn ilẹ̀ náà: Ìwó, Oǹdó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìtagunmòdì, Òkèmẹ̀sí, Apòmù. Ilẹ̀ Ìtagunmòdì jẹ́ amọ̀ pupa tí ó jìn, nítorí pé òkúta dúdú tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹrà di ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ Òkèmẹ̀sí kún fún òkúta wẹ́wẹ́, nítorí pé òkúta funfun líle ni ó bí i. Ilẹ̀ Apòmù jẹ́ iyanrìn tí omi gbá wá sí apá ìsàlẹ̀ òkè. Ó ti lé ní 60 ọdún tí ìwé yìí ti jáde. Ẹ bi ara yín léèrè: àgbẹ̀ mélòó ní Òkèmẹ̀sí ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ kan wà nínú ìwé tí ń jẹ́ orúkọ ìlú òun? Ìmọ̀ tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ni ó sàn ju ìṣúra tí a rì mọ́lẹ̀ lọ?

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi ojú di àwọn bàbá wa. Àwọn bàbá wa mọ ilẹ̀. Wọ́n mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí yangí, wọ́n mọ àkùrọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n sì ń wo irú igi àti koríko tí ó hù níbì kan kí wọ́n tó pa oko síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ohun kan tí àwa kò ní, ìyẹn ni igbó. Bí oko kan bá rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, wọn a sì wọ inú igbó mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ń rìn láti Agége àti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lọ sí ìhà Oǹdó, tí ó ń wá igbó tuntun kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gánà, níbi tí Tetteh Quarshie ti gbin kòkó sí Mampong lórí òkè Akuapem ní 1879; láti orí òkè náà ni àwọn àgbẹ̀ ti kọjá sínú àwọn igbó tí ó wà níwájú. Nígbà náà, ẹni tí kò mọ ìdí tí oko rẹ̀ fi kú ṣì lè rí òmíràn dá.

Lónìí, níbo ni igbó náà wà? Èyí tí ó kù, ìjọba ti sàmì sí púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí igbó bá tán, òjò yóò ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ń ra kòkó wa pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò mú síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́n kò ní gbé oorun lé ọjọ́ tí wọ́n sún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oko tí a ní lọ́wọ́ yìí ni a óò máa ní. Bí a bá jẹ́ kí ó kú, kò sí òmíràn. Ní 2024, owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ìnáwó àti ayọ̀ pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ṣùgbọ́n owó kò dúró sójú kan, ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó dúró, ilẹ̀ náà sì ń lọ.

Báwo ni ó ṣe ń lọ tó? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n ní Ìbàdàn níbí. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tí ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ tí òjò ń gbá lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oríṣiríṣi. Lórí ilẹ̀ tí ẹ̀sẹ̀ kan péré ni ó fi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìní ohunkóhun lórí, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 11 ni ó ń lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún kan. Lórí èyí tí ó fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 200 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i wò: 200 tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ tí ó nípọn sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Níbi tí ilẹ̀dú kò ti ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ọdún mẹ́wàá tó láti sọ ọ́ di ìtàn. Ṣùgbọ́n lórí irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, níbi tí wọ́n ti fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ohun tí ó lọ kò tó tọ́ọ̀nù kan.

Òótọ́ ni pé oko kòkó tí ó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ bo ilẹ̀ bí ẹní, kì í sọ ilẹ̀ nù tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ tún oko gbìn. A ó gé igi gbogbo lulẹ̀, a ó sun ún, a ó ro ilẹ̀ mọ́ tónítóní, a ó sì gbin ọmọ kòkó sí i ní ìlà láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, bí ẹni pé a ń la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta tí ọmọ kòkó kò tíì lè bo ilẹ̀, ilẹ̀ náà wà ní ìhòòhò bí ti Ìbàdàn tí wọ́n wọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí lè já sí, kí ó lọ wo Àgúlú àti Nánkà ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí ọ̀gbàrá ti sọ ilẹ̀ oníyanrìn tí ó dà gẹ̀rẹ́ di ọ̀gbun tí ń gbé oko àti ilé mì.

Nígbà náà, kí ni kí àgbẹ̀ ṣe? Ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pọ̀, kò sì náni lówó.

Kí ó kọ́kọ́ rìn láti orí oko dé ìsàlẹ̀, kí ó sì ri èèkàn mọ́ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá ti yí padà, kí oko lè pín sí orí òkè, agbedeméjì àti ẹsẹ̀ òkè. Kí ó gbẹ́ ihò kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ihò náà jìn dé ìbàdí bí òkúta bá gbà á láyè, nítorí pé olórí gbòǹgbò kòkó ń wá ìjìnlẹ̀ tí ó tó mítà kan àti ààbọ̀. Kí ó wo bí ilẹ̀dú ti nípọn tó, ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí àwọ̀ ti yí padà. Kí ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, kí ó rin ín, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bí ó bá ń tú ká, iyanrìn ni. Omi àti ajílẹ̀ kò ní pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá yí di okùn gígùn tí a lè ká bí òrùka, amọ̀ ni; ó lè gba oúnjẹ dúró, ṣùgbọ́n omi lè dúró sí i pẹ̀lú. Èyí tí ó yí di okùn kúkúrú tí ó sì já ni ó wà láàárín.

Kí ó wá agolo tí kò ní ìdí tí kò sì ní ìdérí, kí ó gbá a wọlẹ̀ díẹ̀, kí ó da omi ife kan sí i, kí ó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí omi náà tó wọlẹ̀. Kí ó ṣe bákan náà ní ibi mẹ́ta. Ibi tí omi bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀gbàrá ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó wo ìdí igi pẹ̀lú. Bí erùpẹ̀ bá gbá jọ sí apá òkè ìdí igi, tí gbòǹgbò sì yọ síta ní apá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ń rìn nínú oko náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ilé àyẹ̀wò, nítorí pé àwọn ohun kan wà tí ojú kò lè rí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú apá mẹ́ta náà, kí àgbẹ̀ bu erùpẹ̀ ní ibi bíi 15, kí ó máa rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, kí ó má ṣe tọ ìlà kan. Kí ó bù ú láti ojú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú gbòǹgbò tí ń jẹun fún kòkó wà. Kí ó má ṣe bù ú ní ojú ọ̀nà, ní ibi tí wọ́n ti sun igi, ní ìdí òkìtì èèpo kòkó tàbí ní ibi tí ajílẹ̀ ti dà sí láìpẹ́. Kí ó po ti apá kọ̀ọ̀kan pọ̀ nínú korobá tí ó mọ́, tí a kò fi po ajílẹ̀ rí, kí ó sá a sí ibòòji, kí ó sì mú ìwọ̀n bí ààbọ̀ kílò lára rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ oko, apá òkè tí ó ti wá, àti ọjọ́ sára rẹ̀. Àpò mẹ́ta, èsì mẹ́ta. Ẹni tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ dàbí dókítà tí ó po ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́ta pọ̀ tí ó wá ń wá àìsàn nínú rẹ̀.

Èsì yóò sọ bí ilẹ̀ ti kan tó. Kòkó fẹ́ ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 6 sí 7; bí ó bá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ tí ó wà nínú ilẹ̀ yóò ṣòro fún gbòǹgbò láti jẹ. Yóò sọ bí ìjẹrà ewé ti pọ̀ tó, àti bí náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì, pọ́táṣì, kálísíọ́ọ̀mù àti magiNẹ́síọ́ọ̀mù ti rí. Ní oko àtijọ́ tí a ti ń fín oògùn bàbà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àrùn èso dúdú, ó yẹ kí wọ́n wo bàbà pẹ̀lú, nítorí pé ó máa ń gbá jọ sínú ilẹ̀.

Nígbà yìí ni a tó lè sọ̀rọ̀ oògùn. Orí òkè tí òkúta ti yọ kò nílò àpò ajílẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ó nílò ìbora. Ewé, koríko gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn ní ìlà tí ó dábùú òkè, àti òkúta tí a tò bẹ́ẹ̀ láti dá omi dúró, ìwọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ wò ó sàn. Níbi tí ilẹ̀ kò bá jìn tó fún kòkó, kí a ní ìgboyà láti sọ pé kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún igi mìíràn. Agbedeméjì ni ajílẹ̀ yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí èsì ní kí a lò, tí a dà á díẹ̀díẹ̀ tí a sì bò ó. Ẹsẹ̀ òkè nílò ojú omi tí yóò máa ṣàn lọ, àti kí a gé ẹ̀ka dín kù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹni tí ó bá tún da náítírójìn sí i, ewé ni yóò ká.

Ní ti pọ́táṣì, àwọn ìyá wa tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ̀ ọ́n kí onímọ̀ kan tó dé. Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń wá eérú èèpo kòkó kiri? Agbára tí ó wà nínú eérú náà, pọ́táṣì ni. Èèpo kòkó ni pọ́táṣì pọ̀ sí ju inú hóró rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí ó bá ń la kòkó rẹ̀ sí ojú kan ní ìsàlẹ̀ oko ní gbogbo ọdún ń kó ọrọ̀ òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni. Kí ó jẹ́ kí èèpo náà jẹrà dáadáa kí àrùn inú rẹ̀ lè kú, kí ó sì gbé e padà sí orí òkè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Bàbá wa kò yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì là." Mo ti dáhùn: bàbá wa ní igbó. Àwọn mìíràn yóò ní owó àyẹ̀wò ti pọ̀ jù. Kí wọ́n ṣírò iye àpò ajílẹ̀ tí wọ́n ti dà sí orí òkúta láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí pé òótọ́ ni. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò lé e lọ lọ́dún tí ń bọ̀, kí ni yóò mú un to òkúta dábùú òkè olókè? Ẹ̀yin onílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ yín wà fún ọmọ yín, ẹ fún alágbàro yín ní ìwé tí yóò fi ọkàn balẹ̀.

Nísinsìnyí, mo dojú kọ àwọn tí ó wà lórí àga. Ní Oṣù Karùn-ún 2024, àwọn olórí Áfíríkà péjọ ní Nairobi lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti ìlera ilẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìpinnu pàtàkì. Ìpinnu kì í hù bí a kò bá gbìn ín. Ilé ìwádìí kòkó wa ní Gàmbàrí lẹ́bàá Ìbàdàn ti wà láti 1964. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ilẹ̀ kún àwọn yunifásítì wa. Ohun tí ó kù ni ẹsẹ̀ tí yóò gbé ìmọ̀ náà dé orí òkè. A ń béèrè ohun mẹ́ta. Ẹ̀kíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ní ọgbà igi eléso ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá àgbẹ̀ bu erùpẹ̀ ní apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè, kí èsì sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́. Èkejì, kí ajílẹ̀ tí ìjọba bá rà tẹ̀lé èsì náà. Kí a yé pín irú kan náà tí ń jẹ́ 15-15-15 fún òkúta, fún amọ̀ àti fún ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a tún iṣẹ́ 1962 ṣe, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní àwọn èdè wa.

Mo sọ pé àwọn èdè wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àgbẹ̀ kòkó tí ó wà ní àwọn òkè Boki ní Cross River ń jìyà ohun kan náà. Ní Mambilla ní Taraba, tíì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ kíkan tí kòkó kì bá má fẹ́. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni yóò sọ fún wa ibi tí igi kọ̀ọ̀kan yẹ. Ẹgbẹ́ tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ní ìmọ̀ràn kan fún ẹ̀gbẹ́ òkun, òmíràn fún ẹ̀yìn odò Ọya. Kí àyẹ̀wò ṣáájú ajílẹ̀ ní ibi gbogbo.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka gbogbo, nígbà tí wọ́n bá tún kó àpò wá sí ojúde yín lọ́dún yìí, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kíákíá. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ yín, ẹ bi aṣòfin yín, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa ni tàbí ti ẹgbẹ́ mìíràn: "Níbo ni èsì ilẹ̀ wa wà? Ti òkè ńkọ́? Ti àárín ńkọ́? Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Bí wọn kò bá rí i fi hàn yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ó tún béèrè.

Bàbá tí mo bá ní Ìdànrè kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó kúrò ní oko rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ti ń kó èèpo kòkó sínú apẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí òkè. Ẹni tí ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó yẹ kí ìjọba tí ó ní ọkọ̀ lè bá a gùn ún.